Ìtàn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kékeré Kan: "Get" ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí òwe yìí ti rí gan-an ni ọ̀ràn àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú èdè rí. Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè àjèjì a máa rò pé ọ̀rọ̀ gígùn ni ó le, àti pé bí òun bá ti há ọ̀rọ̀ bàǹtàbanta sórí, èdè náà ti di ti òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígùn kì í sábà ní ju ìtumọ̀ kan tàbí méjì lọ. Ẹni tí ó bá ti wo ìwé atúmọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ọmọdé ń fi tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí àgbà sì ń fi ná ọjà, òun gan-an ni ó ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú títí di ọjọ́ alẹ́.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe "get". Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò lóǹkà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ pé lẹ́tà tẹ ènìyàn lọ́wọ́, "get" ni yóò lò. Bí ó bá fẹ́ sọ pé ènìyàn dé ilé, "get" náà ni. Bí omi bá tutù, bí ilẹ̀ bá ṣú, bí ènìyàn bá darúgbó, òun ni yóò fi sọ pé nǹkan ti kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá yé e, "get" ni; bí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, "got" ni; bí ó bá di dandan fún un láti lọ, "got" náà ni. Dìde, jáde, wọlé, sọ̀kalẹ̀, sá lọ, bọ́ lọ́wọ́ àìsàn: fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀nyí ni Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n "get" kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn tí a so mọ́ ọn nídìí, ni Gẹ̀ẹ́sì lè fi sọ gbogbo wọn.

Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe di ẹlẹ́rù púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti gírámà nìkan, ti ìtàn ni pẹ̀lú, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí a bí tòun ti irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí. Ìdáhùn rẹ̀ sì kan ọ̀ràn kan tí ó ti pẹ́ tí a ti ń jà sí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé èdè Yorùbá kò kún tó, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan bí "jẹ" tàbí "gbà" ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀. Bí ìtàn "get" bá yé ènìyàn dáadáa, yóò ṣòro fún un láti tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí "get" tó dé

Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú èdè tí ó di Gẹ̀ẹ́sì wọ erékùṣù Britain ni àwọn ẹ̀yà Angle, Saxon àti Jute. Láti etí òkun tí ó wà ní Jámánì àti Dẹ́ńmákì òde òní ni wọ́n ti ṣí wá ní ọ̀rúndún karùn-ún. Èdè wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó bá "get" tan, ṣùgbọ́n kò lè dá dúró. Ó di dandan kí a fi àfòmọ́ sí iwájú rẹ̀ kí ó tó lè wúlò. "Begietan" ni wọ́n ń lò fún rírí nǹkan gbà. "Forgietan" ni wọ́n ń lò fún gbígbàgbé. "Ongietan" ni wọ́n ń lò nígbà tí ènìyàn bá mòye ọ̀ràn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé ènìyàn mú nǹkan ní ọwọ́ lásán, "niman" ni ọ̀rọ̀ wọn, èyí tí àwọn Jámánì ṣì ń lò títí di òní ní ìrísí "nehmen".

Ohun kan yẹ ní kíkíyèsí nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Lẹ́tà "g" tí a ń rí láàárín wọn kì í dún bí "g" inú "gígùn" wa ní ẹnu àwọn ará gúúsù ilẹ̀ náà. Bí "y" inú "yàrá" ni ó ń dún. Bí ọ̀ràn bá lọ bí ó ti yẹ kí ó lọ, ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ì bá máa pè lónìí ni "foryet", kì í ṣe "forget". Wọ́n tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé Chaucer, akéwì ńlá tí ó kú ní ọdún 1400. Nítorí náà, "g" líle tí ó wà nínú "get" jẹ́ àmì àjèjì. Ó dà bí ilà ojú tí a fi ń mọ ìlú tí ènìyàn ti wá.

Kì í ṣe pé àjèjì náà kò bá onílé tan. Àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, èdè àwọn ará Àríwá àti Látìnì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Gbòǹgbò tí "get" ti hù jáde túmọ̀ sí kí a di nǹkan mú. Ní Látìnì, gbòǹgbò yìí wà nínú "prehendere", láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti rí "prison", ilé tí a ń ti àwọn tí a dì mú mọ́, àti "comprehend", tí í ṣe kí ọ̀rọ̀ yé ènìyàn. A óò tún fi ẹnu kan èyí níwájú.

Bí ó ṣe dé

Ní ọdún 793, àwọn ará Àríwá tí àwọn òpìtàn ń pè ní Viking gba ojú òkun wá, wọ́n sì kó ilé àwọn mọ́ńkì ní Lindisfarne. Láti ìgbà náà lọ, wọn kò jẹ́ kí etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sinmi. Ní ọdún 865, ogun ńlá gúnlẹ̀, kì í sì í ṣe ogun akónilẹ́rù tí ń yára padà sílé mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìlú York bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 878, Alfred, ọba Wessex, ṣẹ́gun Guthrum, olórí wọn, ní Edington. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn tí ó pààlà láàárín wọn. Apá ìlà-oòrùn àti àríwá ilẹ̀ náà bọ́ sí abẹ́ òfin àwọn ará Dẹ́ńmákì. Ọba Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ kẹ́yìn ní York kò kúrò lórí oyè títí di ọdún 954, bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 1016, Cnut ọmọ ọba Dẹ́ńmákì di ọba gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Báyìí ni àwọn ìwé ìtàn ṣe ń to ogun àti oyè lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀-ìṣe láti èdè kan lọ sí èkejì. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Àríwá jókòó. Wọ́n dáko, wọ́n sin ẹran, wọ́n fẹ́ ọmọ onílẹ̀, onílẹ̀ náà sì fẹ́ ọmọ wọn. Orúkọ ìlú tí ó parí sí "by", bíi Derby, Whitby àti Grimsby, ń jẹ́rìí sí i títí di òní, nítorí "by" ni ọ̀rọ̀ wọn fún abúlé tàbí ìletò. Èdè àwọn méjèèjì kò sì jìnnà sí ara wọn. Bí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì bá pàdé lọ́jà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi sùúrù sọ ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, wọn yóò gbọ́ ara wọn yé tó láti ra ẹrù àti láti tà á. Irú ìṣòwò bẹ́ẹ̀ ni ó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Nọ́ọ̀sì ní ayé ìgbà náà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ bí ìgbépọ̀ ẹ̀yà méjì ti jinlẹ̀ tó: kí a wo irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan yá lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀rọ̀-orúkọ a máa bá ọjà rìn. Láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tí ó ti òkè ọya wá ni Yorùbá ti rí àlùbọ́sà, fìtílà àti àlàáfíà; lọ́wọ́ Òyìnbó ni ó ti gba búrẹ́dì àti táyà. Ohun náà dé, orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í lọ sọ́jà lọ ra ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "mú" tàbí "fún" tàbí "àwọn", nítorí kò sí ilé tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀. Kí èdè kan tó gba irú èyí lọ́wọ́ èdè mìíràn, àwọn tí ń sọ wọ́n ní láti ti jọ máa jẹun nínú àwo kan náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Lóòótọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, irú bí "knife" fún ọ̀bẹ, "window" fún fèrèsé, "skin" fún awọ àti "law" fún òfin. Ṣùgbọ́n wọ́n gba "take" pẹ̀lú, èyí tí ó lé "niman" jáde nílé baba rẹ̀. Wọ́n gba "call" fún pípè àti "want" fún fífẹ́. Wọ́n tilẹ̀ gba "they", "them" àti "their", àwọn ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ tí ènìyàn kì í fi tọrọ. Láàárín ẹrù wọ̀nyí ni "get" wà. Nọ́ọ̀sì ń pè é ní "geta", ó túmọ̀ sí kí a rí nǹkan gbà, kí a bí ọmọ, àti kí a fi òye gbé ọ̀ràn. "Geta" kò nílò àfòmọ́. Ó ń dá rìn. Ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún un láti gba ipò tí "begietan" wà.

Ọ̀rọ̀ tí ó dàgbà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀

Ní ọdún 1066, àwọn Norman ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun àwọn méjèèjì, àti Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Nọ́ọ̀sì. Faransé di èdè ààfin, Látìnì sì ni èdè ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé. Gẹ̀ẹ́sì di èdè oko àti ilé ìdáná. Títí di ọdún 1362 ni òfin tó pàṣẹ pé kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́ nílé ẹjọ́. Láàárín ọdún wọ̀nyí, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń ṣọ́ èdè náà, nítorí náà ó yí padà bí ó ti wù ú. Àwọn ìparí ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ipò ọ̀rọ̀-orúkọ hàn jẹ dànù, ó sì yá ní apá ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Nọ́ọ̀sì ti dàpọ̀ ju ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àfòmọ́ iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe náà kú. Dípò wọn, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀-ìṣe kúkúrú, wọ́n ń so ọ̀rọ̀ bíi "up", "out", "on" àti "off" mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní ìtumọ̀ wúwo kan tí ó dè é mọ́lẹ̀ ni ó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jù. "Get" wà lára wọn.

Nǹkan bí ọdún 1200 ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ àwọn ará Àríwá lọ́jọ́ kan náà. Caxton, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn kan ní ọdún 1490 tí ó fi èyí hàn kedere. Àwọn oníṣòwò kan ń ti odò Thames lọ sí òkè òkun, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ létí omi láti wá oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ẹyin lọ́wọ́ obìnrin kan, ó sì pè é ní "egges", ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà dáhùn pé òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí oníṣòwò náà, nítorí òun náà kò gbọ́ Faransé rárá. Ìgbà tí ẹlòmíràn pe ẹyin ní "eyren", bí àwọn ará gúúsù ti ń pè é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tó yé obìnrin náà. Caxton wá béèrè pé èwo ni kí ènìyàn máa kọ nínú méjèèjì. Ìtàn ti dá a lóhùn: "egg" wà láàyè, "eyren" ti kú.

Bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe di púpọ̀

Ẹni tí ó bá wo ìtumọ̀ "get" lónìí lè rò pé ńṣe ni a kàn kó wọn jọ bí ìkórè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀lé èkejì ni, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ṣí ẹsẹ̀, a lè tọ ipa rẹ̀.

Rírí nǹkan gbà ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá rí ọmọ gbà di òbí, nítorí náà ni "beget" fi dúró fún bíbí ọmọ, tí ó sì pọ̀ jọjọ nínú ìtàn ìdílé inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611. Lẹ́yìn èyí, bí ènìyàn bá lè mú nǹkan dé ibì kan, ó lè mú ara rẹ̀ náà dé ibẹ̀. Nígbà tí "ara rẹ̀" sì ṣubú kúrò nínú gbólóhùn, "get" di dídé. Èyí ti wáyé kí Chaucer tó kú. Láti orí dídé ibì kan, kò jìnnà sí dídé ipò kan. Bí ènìyàn bá lè dé ilé, ó lè dé inú òtútù, ó lè dé inú ọjọ́ ogbó. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, "get" ti ń ṣe iṣẹ́ tí Yorùbá ń fi "di" ṣe. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó tún gba iṣẹ́ mìíràn: ó ń fi hàn pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láti ọwọ́ ẹlòmíràn, bí ìgbà tí a bá ní wọ́n lù ú tàbí wọ́n mú un.

Ọ̀nà mìíràn yà sí ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí nǹkan gbà, nǹkan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé "I have got", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "mo ti rí i gbà", ẹni tí ó gbọ́ ọ a mọ̀ pé ó ní i. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, rírí gbà pòórá, níní nìkan ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ tí yóò ṣe ní gbèsè iṣẹ́ náà lọ́rùn, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ni "have got to" ti di ọ̀rọ̀ dandan.

Níparí, ọwọ́ kọ́ ni a fi ń di ohun gbogbo mú. A lè fi inú di ọ̀rọ̀ mú. Níhìn-ín ni Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ti yà gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí ibì kan náà. Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀rọ̀ mú, ó ní ó yé òun. Yorùbá fi etí gbọ́ ọ, ó ní òun gbọ́. Ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ Faransé kò sọ pé ariwo rẹ̀ dé etí òun; ohun tí ó ń sọ ni pé ó yé òun. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọwọ́ sàn ju etí lọ.

Ẹjọ́ àwọn olùkọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n a máa fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ "get" àti "got" nínú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n a ní kí ó wá ọ̀rọ̀ tí ó dára jù ú lọ. "Receive", "obtain", "become", "comprehend": ìwọ̀nyí ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò ṣàìní ìdí, nítorí ọmọ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ohun gbogbo lè di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ́rìn-ín sí ìdájọ́ náà. Ẹni tí ó bá yọ "get" kúrò nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú títì, tí ó sì fi "comprehend" dípò rẹ̀, kò ṣe ju pé ó lé àbúrò jáde, ó sì pe ẹ̀gbọ́n wọlé, nítorí gbòǹgbò kan náà ni àwọn méjèèjì ti hù. Ọ̀kan gba Nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, èkejì gba Látìnì wá pẹ̀lú àwọn akọ̀wé. Aṣọ ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ẹjọ́ kan tún wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa sọ "gotten" níbi tí Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti ń sọ "got", àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn sì gbà pé àṣìṣe àwọn ará òkè òkun ni. Bẹ́ẹ̀, "gotten" wà nínú Bíbélì ọdún 1611 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn túmọ̀. Àwọn tí ó tẹ ìlú Jamestown dó ní ọdún 1607 àti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn gbé e lọ́wọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó kù nílé ni ó jẹ́ kí ó bọ́ sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń rí: ẹni tí ó kúrò nílé a máa di àṣà mú ju ẹni tí ó jókòó lọ. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíl ti fi èyí hàn, nítorí inú orin àti ààtò òrìṣà wọn ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí kò wọ́pọ̀ mọ́ ní ẹnu ọmọ ilé.

Ohun tí àwọn atúmọ̀ èdè rí

Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1755, ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ó gba àyè rẹ̀ jù. Ìtumọ̀ 134 ni ó kọ sí abẹ́ "take" nìkan, ojú-ìwé márùn-ún ni ó sì kún. Ní ọdún 1884, apá kìn-ín-ní ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford jáde lábẹ́ àkóso James Murray, ẹni tí kò pẹ́ láyé tó láti rí ìparí rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1915, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1928. Nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ tí àlàyé rẹ̀ gùn jù ni "set". Nínú ẹ̀dà kejì tí ó jáde ní ọdún 1989, àlàyé "set" tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ọ̀rọ̀, ìyẹn 60,000, pẹ̀lú ìtumọ̀ bí 430. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà ṣe, "run", tí í ṣe eré sísá, lé "set" kúrò ní ipò: ìtumọ̀ 645 ni Peter Gilliver rí fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, oṣù mẹ́sàn-án ni ó sì fi ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan yìí.

Kí á kíyè sí i pé "take", "set", "run" àti "get" kò ju ọ̀rọ̀ onísílébù kan lọ, bí "jẹ", "gbà", "mú" àti "ṣe" wa kò ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó wo ìtumọ̀ 645 wọ̀nyí tí ó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ òtòṣì. Ńṣe ni wọ́n fi ń yangàn.

"Get" ní etí òkun wa

Ìrìn-àjò ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn atukọ̀ àti oníṣòwò gbé e wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Freetown, níbi tí wọ́n ń sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀ sí, ó wọ inú èdè Krio. Ní ọdún 1822 ni wọ́n gbé Samuel Àjàyí Crowther débẹ̀, ọmọdékùnrin tí wọ́n ti mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún tí ó ṣáájú. Òun kan náà ni ó gbé ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Nínú Krio àti nínú Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí a ń sọ ní Nàìjíríà, "get" kò túmọ̀ sí rírí gbà mọ́ ní ìpìlẹ̀. Ó túmọ̀ sí níní. "I get money" kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó gbà. Ó túmọ̀ sí pé mo ní owó. Ẹsẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ní ìdajì nígbà tí wọ́n ń sọ "have got", etí òkun wa ni wọ́n ti gbé e parí.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ń lo "get" ní ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà lo "ní" gẹ́lẹ́. Yorùbá a máa sọ pé "ó nídìí", láìjẹ́ pé ẹnì kan wà tí "ó" dúró fún. Ará Èkó a sì sọ ọ́ ní àdàmọ̀dì pé "e get why". Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì tí ó gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá wá jókòó sórí àga tí a ti gbẹ́ sílẹ̀ ní Áfíríkà, àga náà sì gbà á.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Bí a bá kó gbogbo èyí pọ̀, ohun mẹ́ta ni ó hàn. Èkínní ni pé ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ kì í ṣe àmì àìní. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lò ni kì í lọ́pọ̀ ìtumọ̀. Bí Yorùbá bá ń jẹ iyán, tí ó ń jẹ oyè, tí ó ń jẹ ogún, tí ó ń jẹ gbèsè, tí ó sì ń jẹ ìyà, kì í ṣe pé ó wá ọ̀rọ̀ tì. Ó rí okùn kan tí ó so gbogbo wọn pọ̀, èyí ni pé ohun kan wọ inú ayé ènìyàn, ó sì di tirẹ̀, ìbáà ṣe dídùn, ìbáà ṣe kíkorò. Irú okùn tí ó so dídé mọ́ dídì mú nínú "get" náà nìyẹn.

Èkejì kan àwọn tí ń túmọ̀ àti àwọn tí ń kọ́ni. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó jẹ́ "get", kò sì yẹ kí a wá a. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ pé "get" ni "gbà" yóò kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé òun "gba àgbà" nígbà tí ó fẹ́ sọ pé òun darúgbó. Bákan náà ni ẹni tí ó bá ń túmọ̀ "gbà" sí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹ̀bùn ni a gbà, tàbí ọ̀nà, tàbí ìmọ̀ràn, tàbí bóyá yàrá ni kò gba èrò. Gbólóhùn ni a ń túmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, nítorí iṣẹ́ tí ó kù ni. A ti ní ìwé Crowther, a ní ìwé atúmọ̀ ti Ìjọ C.M.S. tí ó jáde ní ọdún 1913, a sì ní ti Abraham àti ti Délànọ̀ tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 1958. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó yẹ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké wa ni kí ẹnì kan jókòó ti "jẹ" fún oṣù mẹ́sàn-án, bí Gilliver ti jókòó ti "run": kí ó yà á kúrò lára "jẹ́", tí ohùn fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, kí ó kó ìlò rẹ̀ jọ láti inú oríkì, ẹsẹ Ifá, ẹjọ́ ààfin àti ọ̀rọ̀ ọjà, láti Ọ̀yọ́ dé Kétu, láti Oǹdó dé Ìlọrin, kí ó sì fi hàn bí ìtumọ̀ kan ṣe bí èkejì. Àwọn àgbà tí ó mọ ìlò tí kò sí nínú ìwé kò ní wà títí láé. Nọ́ọ̀sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tí ó kíyè sí ọjọ́ tí ẹni tí ó sọ ọ́ kẹ́yìn pa ẹnu dé, ohun tí a sì mọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀ ni ìwọ̀nba tí ó kù sí ẹnu àwọn ẹlòmíràn. Ẹnu onílé ṣì ń sọ Yorùbá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu onílé ni ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀.